Òkú Kì Í Pe Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọlọ́jà Olódì-Àpápá, ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikírì kò jìnnà sí wa, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó wà lẹ́wọ̀n ni adájọ́ ti dá lẹ́bi. Jákèjádò Nàìjíríà, àwọn tó ṣì ń retí ìdájọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti Nasiru Bello. Ilé ẹjọ́ gíga n'Ìbàdàn dá a lẹ́bi ìdigunjalè, wọ́n dájọ́ ikú fún un. Ó ní òun kò gbà, ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Wọn ò tíì gbọ́ ẹjọ́ náà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi pa á lọ́dún 1981. Àwọn ẹbí rẹ̀ gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́, wọ́n bá a dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Lọ́dún 1986, àwọn adájọ́ àgbà ní ìjọba rú òfin, wọ́n ní kí wọ́n san ₦7,400 fún ẹbí òkú.

Ṣé ó jalè lóòótọ́, àbí kò jalè? Àwọn adájọ́ tó yẹ kó tún un yẹ̀ wò kò rí i gbọ́. Owó dé, ẹni tó ni ẹjọ́ ti lọ.

Kí ohun tó jọ ọ́ má baà ṣẹlẹ̀ sọ́mọ wa, ẹ fi nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn:

1. Bí ọmọ bá ṣẹ̀, ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ mú ìyá rẹ̀ dípò ẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 sọ bẹ́ẹ̀.

2. Òfin yẹn kan náà ní bí ẹnì kan bá fẹ́ jẹ́wọ́ ní tẹ́ṣàn, kí wọ́n ká a sí fídíò. Bí kò bá sí fídíò, kí lọ́yà tó yàn fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fọ́mọ yín kó má fọwọ́ síwèé tí kò yé e.

3. Bí kò bá sówó lọ́yà, OPD ti ìjọba Èkó àti Legal Aid Council ń gba ẹjọ́ aláìní rò lọ́fẹ̀ẹ́.

4. Ẹni tí ilé ẹjọ́ gíga bá dá lẹ́bi ní 90 ọjọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹ má fi ẹkún nìkan lò ó tán.

Ṣùgbọ́n ká tó bá ìjọba wí, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá pariwo "Olè!" lọ́jà, tí wọ́n gbé táyà àti bẹntiróòlù jáde, ta ló bi ọmọ náà léèrè ọ̀rọ̀? Bello tiẹ̀ dé kóòtù lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá sun níta kò dé ọ̀kankan. Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Tọ́wọ́ bá tẹ afurasí, ẹ pe ìyálọ́jà, ẹ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, kí ẹni tó fojú rí i lọ sọ ohun tó rí. Ọjà tó sọnù, a lè ra òmíràn. Ọmọ ẹlòmíràn tó bá kú láìjẹ̀bi, kí la fẹ́ fi san án?