Clotilda: Iná Jó Ọkọ̀, Kò Jó Orúkọ

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, ọdún 1860, ọkùnrin kan dáná sun ọkọ̀ ojú omi ara rẹ̀ nínú irà, nítòsí ìlú Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. William Foster ni orúkọ rẹ̀. Òun ló kan ọkọ̀ náà ní ọdún 1855, òun náà ló sì tù ú lọ sí Áfíríkà. Clotilda ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé ọkọ̀ náà ti gbó. Ẹ̀rí ni Foster ń sun.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, Clotilda ni ọkọ̀ ìkẹyìn tí a mọ̀ pé ó kó ẹrú láti Áfíríkà wọ Amẹ́ríkà. Àwọn òpìtàn ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 12.5 ènìyàn ni wọ́n dì sínú ọkọ̀ láti ilẹ̀ wa ní gbogbo ìgbà òwò ẹrú, àti pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.8 nínú wọn ni kò fojú kan òdì kejì òkun láàyè. Bí iye bá ti pọ̀ tó báyìí, ojú ènìyàn a máa sọnù sínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a yẹ ọkọ̀ kan ṣoṣo wò, èyí tí a mọ orúkọ àwọn kan tó wà nínú rẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Yorùbá.

Tẹ́tẹ́ tí olówó ta

Láti ọdún 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti fòpin sí kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun. Nígbà tó di ọdún 1820, ìjọba sọ pé ikú ni ìjìyà ẹni tó bá ṣe é. Síbẹ̀, Timothy Meaher, olówó kan ní Mobile, ta tẹ́tẹ́ pé òun yóò kó ẹrú wọlé, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò fi òun ṣe. Foster ni ó rán níṣẹ́. Ó di wúrà tí iye rẹ̀ tó 9,000 dọ́là dání, ó sì gúnlẹ̀ sí Ouidah, ní etíkun Dahomey, nínú oṣù Karùn-ún ọdún 1860.

Àwọn tí ogun Ọba Glele ti Dahomey kó ni ó bá nínú àgọ́ ẹrú. Oluale Kossola wà lára wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó tó ẹni ọdún 19, láti àgbègbè Bantè ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Ènìyàn 125 ni Foster ná, ṣùgbọ́n 110 ni ó rí kó kí ó tó sá lọ, nítorí ó rí ọkọ̀ mìíràn lókèèrè, ẹ̀rù sì bà á.

Kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, wọ́n bọ́ aṣọ lára wọn. Ọgbẹ́ ọkàn ni èyí jẹ́ fún Kossola títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀, nítorí àwọn ará Amẹ́ríkà rò pé ìhòòhò ni àwọn ń rìn nílé. Ó ní ọjọ́ 13 ni àwọn fi wà nínú òkùnkùn ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí wọ́n tó gbà wọ́n láyè láti jáde rí ojú ọ̀run. Ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́. Omi díẹ̀ tó kan lẹ́nu ni wọ́n ń fún wọn, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́.

Nígbà tí wọ́n dé Mobile, wọ́n fi wọ́n pamọ́ sínú igbó, wọ́n sì pín wọn bí ẹni pín ẹrù. Ẹjọ́ tí ìjọba pè mọ́ Meaher kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Meaher jẹ tẹ́tẹ́ rẹ̀.

Ìlú tí wọ́n tẹ̀dó

Ní ọdún 1865, wọ́n gba òmìnira. Ilé ni ọkàn wọn ń fà sí, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ kò sí. Kossola tọ Meaher lọ pé kí ó fún àwọn ní ilẹ̀ díẹ̀, ó ṣe tán, òun ló mú àwọn kúrò lórí ilẹ̀ tiwọn. Meaher kọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n ṣọ́ owó ná, wọ́n sì fi owó ara wọn ra ilẹ̀. Africatown ni wọ́n sọ ibẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun ìyanu: Gumpa, ọmọ Dahomey, ọmọ ìlú tó kó wọn lẹ́rú, ni wọ́n fi ṣe olórí, nítorí wọ́n ní òun náà kọ́ ló ta àwọn.

Matilda McCrear kò ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà tí Clotilda gbé òun àti ìyá rẹ̀ dé. Ní ọdún 1931, nígbà tó ti lé ní ẹni 70 ọdún, ó rin nǹkan bíi máìlì 15 lọ sí ilé ẹjọ́ ní ìlú Selma láti béèrè owó gbà-má-bínú. Wọn kò dá a lóhùn. Ó kú ní ọdún 1940, pẹ̀lú ilà ojú rẹ̀.

Òtítọ́ bá irọ́

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn kan fi ń sọ pé àlọ́ ni ìtàn ọkọ̀ náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, àjọ tó ń bójú tó ìtàn ìpínlẹ̀ Alabama kéde pé a ti rí Clotilda nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èyí lọ fún ọdún 159, òtítọ́ sì bá a.

Kí ọkọ̀ tó jáde, ẹnu àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni ó jẹ́ àpótí ẹ̀rí. Kí ni àpótí tiwa kó sínú? Ta ló bí ìyá ìyá rẹ? Ìlú wo ni wọ́n ti wá, kí sì ni oríkì wọn? Bí àgbà kan bá ṣì wà nílé tó mọ̀ ọ́n, lọ jókòó tì í lọ́sẹ̀ yìí, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí òǹkọ̀wé Zora Neale Hurston lọ fi ọ̀rọ̀ wá Kossola lẹ́nu wò ní ọdún 1927, inú rẹ̀ dùn. Ó fẹ́ kí ìtàn òun dé Áfíríkà, bóyá ẹnìkan níbẹ̀ yóò gbọ́ orúkọ òun, tí yóò sì sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Ó kú ní ọdún 1935. Ìwé tí Hurston kọ kò jáde títí di ọdún 2018. Ó pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ náà ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ báyìí.