Ìjàkadì Àkọsílẹ̀ àti Agbo Ìjálá

Ìjà méjì kan wà tí ọwọ́ kì í kan ara níbẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó bá pàdánù a máa lọ sílé bí ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀. Ọ̀kan ni ìjàkadì àkọsílẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n ń fi fóònù kọ ránṣẹ́ síra wọn. Èkejì ni agbo ìjálá, níbi tí àwọn ọdẹ àti àwọn olùsìn Ògún ti ń fi ohùn dán ara wọn wò. Méjèèjì ló ní òfin. Mo gbé òfin ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ti èkejì torí mo gbà pé ọmọ Mọníyà n'Ìbàdàn tó ń kọ ti àkọ́kọ́ lóru lè rí ohun kan tó ṣe pàtàkì nínú ti èkejì, ohun tí kò sí nínú ìlànà tí wọ́n fún un.

Ẹni tí kò bá bá ìjàkadì àkọsílẹ̀ pàdé rí, báyìí ló rí. Olúkúlùkù á dá oníjàkadì tirẹ̀ sílẹ̀: á fún un ní orúkọ, ìlú, ìwà, ọgbọ́n ìjà, àti ìtàn ohun tó sọ ọ́ di oníjà. Bí àwọn alákòóso bá ti so oníjàkadì méjì pọ̀, àwọn tó ni wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ ìpèníjà. Inú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n á ti lérí, tí wọ́n á ti pìtàn, tí wọ́n á ti fi ẹnu na ara wọn. Àwọn onídàájọ́ á ka méjèèjì; ẹni tí kíkọ rẹ̀ bá dára jù ló borí. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tó kọ ìjà fúnra rẹ̀ bí ẹni pé ó ṣẹlẹ̀ lójú wa. Lẹ́tà ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń ṣe é láyé ọdún 1980 sí 1989, kí íntánẹ́ẹ̀tì tó gbà á mọ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn wà tí wọ́n máa ń fẹnu kò ṣáájú lórí ẹni tí yóò borí. Ìyẹn dára ní tirẹ̀, àmọ́ eré orí ìtàgé ni mo kà á sí. Ìdíje ni mo ń sọ.

Nínú gbogbo òfin wọn, ọ̀kan ni òpómúléró: má ṣe bá ẹlòmíràn darí oníjàkadì rẹ̀. O lè kọ ọ́ pé tìrẹ ju ẹ̀ṣẹ́. O kò gbọdọ̀ kọ ọ́ pé ẹ̀ṣẹ́ náà bà á, pé ó ṣubú lulẹ̀, pé ó ń fi omijé bẹ̀bẹ̀. Mo fẹ́ràn òfin yìí gidigidi. Ẹni tó ni oníjàkadì yẹn ti pẹ́ lórí rẹ̀. Òun ló mọ ohun tó lè pa á lẹ́kún àti ohun tí kò lè pa á lẹ́kún. Bí o bá sọ ọ́ di ojo nínú ìwé tìrẹ, o kò tíì borí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ lo kàn gbà. Àwọn òfin yòókù ń tọ èyí lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ gùn ju iye kan lọ. Ó gbọ́dọ̀ wọlé kí àkókò tó tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á kà ọ́ sí ẹni tó sá. Oníjàkadì rẹ kò gbọdọ̀ mọ àṣírí tó jẹ́ pé ìwọ òǹkọ̀wé nìkan lo kà á. Bákan náà, ìjà àwọn oníjàkadì kò gbọdọ̀ di ìjà àwọn tó ń kọ wọ́n. Ẹni tó bá rò pé èyí tó kẹ́yìn yìí kéré, kó rántí àwọn olórin fújì, Síkírù Àyìndé Barrister àti Kollington Àyìnlá. Láyé ọdún 1980 sí 1989, ìpèníjà wọn ń wọ inú àwo orin léraléra, àwọn olólùfẹ́ wọn pín sí méjì, kò sì sí onídàájọ́ tó lè fọn fèrè sí wọn pé ó tó.

Ìjálá ní tirẹ̀ kò ní òfin tí wọ́n kọ sórí tákàdá. Ẹsẹ̀ ọ̀gá ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá, ọmọ Ìpetumodù, ló kó o jọ tó sì gbé ìwé ńlá jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1966. Ohun tó kọ síbẹ̀ nípa bí àwọn oníjàálá ṣe ń gbọ́ ara wọn ló wú mi lórí jù. Ẹnìkan ló ń sun ún lẹ́ẹ̀kan. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ á máa tẹ́tí, etí wọn á sì mú. Bó bá ki oríkì orílẹ̀ kan tí kò gún, tó gbé ti ìdílé kan wọ òmíràn lọ́rùn, tàbí tó fi ìwà ẹranko kan mọ́ ẹranko mìíràn, ẹlòmíràn lè dá a lẹ́nu lójú agbo. Á ní irọ́ ló pa. Á wá gbé èyí tí òun mọ̀ sí òtítọ́ kalẹ̀. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́nu kì í ṣe odi: òun náà lè fèsì pé bí ọ̀gá òun ṣe kọ́ òun nìyẹn, kí kálukú má kúrò ní ipa tirẹ̀. Agbo gbọ́ tọ̀tún, ó gbọ́ tòsì.

Lórí ọ̀rọ̀ òtítọ́, ìjálá ni mo gbè. Ìlànà ìjàkadì àkọsílẹ̀ á ní kí ìtàn oníjàkadì rẹ má tako ara rẹ̀. Á ní kí o ka ohun tí alátakò rẹ ti kọ sẹ́yìn kí o tó fi ẹnu kàn án. Méjèèjì dára. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tó ti bi ọ́ bóyá ìlú tí o ní oníjàkadì rẹ ti wá rí bí o ṣe sọ ọ́.

Ẹ wo oníjàkadì Apollo Crews. Sesugh Uhaa ni orúkọ rẹ̀ gan-an, orúkọ àwọn Tiv ti ìpínlẹ̀ Benue. Lọ́dún 2021, WWE, ilé iṣẹ́ ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n, sọ ọ́ di ọmọ ọba Nàìjíríà lójijì: ohùn rẹ̀ yí padà, ó gbé ọ̀kọ̀ dání, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń tẹ̀lé e. Ní WrestleMania 37, lóṣù kẹrin ọdún náà, òun àti Big E ja ìjà kan tí wọ́n sọ lórúkọ ìlù Nàìjíríà. Babatunde Aiyegbusi, tí wọ́n bí ní Poland, ló yọ sójú ìjà gẹ́gẹ́ bí ọ̀gágun Azeez tó wá gbè é lẹ́yìn. Crews gba bẹ́líìtì. Inú mi dùn pé ó gbà á, ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọba ìlú wo ni? Ìlù wo, ta ló ń lù ú, ọjọ́ wo ni wọ́n ń lù ú? Àwọn Tiv kò tilẹ̀ ní ọba kan ṣoṣo lórí gbogbo wọn títí di nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí oyè Tor Tiv. Ní agbo ìjálá, ọ̀rọ̀ náà kò ní dé ìdajì kí ẹnìkan tó dá a lẹ́nu.

Èyí kan ọmọ Mọníyà gbọ̀ngbọ̀n. Látìgbà tí Tolulope Omogbehin, ọmọ tí wọ́n bí l'Ékòó, ti di Omos, tí Isaac Odugbesan, tí wọ́n bí l'Ékòó bákan náà, ti di Oba Femi tó sì gba bẹ́líìtì NXT ti WWE lóṣù kìíní ọdún 2025, àwọn tó ń kọ fẹ́ kí oníjàkadì tiwọn náà jẹ́ ọmọ ilé. Ẹ jẹ́ ká ní ẹnìkan dá oníjàkadì ará Mọníyà sílẹ̀. Bó bá kọ ọ́ pé lọ́dún 2005, nígbà tó wà lọ́mọdé, ibùdókọ̀ ojú irin Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó wà níbẹ̀ ló ti máa ń wọ ọkọ̀ lọ jà l'Ékòó, ìtàn náà ti fọ́. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 2021 ni Ààrẹ Buhari ṣí ọ̀nà ojú irin tuntun tí ibùdókọ̀ náà wà lórí rẹ̀. Onídàájọ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní mọ̀, á fún un ní máàkì. Ṣùgbọ́n bó bá kọ ọ́ pé bàbá rẹ̀ ń ta màlúù ní ọjà Akínyẹlé, pé bàbá rẹ̀ àgbà ń dáko lórí ilẹ̀ tó di ọgbà ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA lẹ́yìn ọdún 1967, pé ẹ̀gbẹ́ ọgbà yẹn ló máa ń sáré gbà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ títí dé Òjóò kí ara rẹ̀ lè le, oníjàkadì náà ti ní egungun. Ìbínú rẹ̀ á ní ìdí. A ó mọ ìdí tí kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gba ohunkóhun lọ́wọ́ òun.

Síbẹ̀, mi ò ní fi gbogbo ẹ̀yẹ fún ìjálá. Ìdálẹ́nu lójú agbo lè pa ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lẹ́nu mọ́ títí ayé. Ìjálá tún ń fẹ́ ohùn, irú ohùn tí Ògúndáre Fọ́yánmu ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni Elédùmarè fún. Akólòlò lè má rí ọ̀nà gbà níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó fẹ́ràn ìjà kì í tètè rí àyè láàárín àwọn ọdẹ. Ìjàkadì àkọsílẹ̀ gba àwọn wọ̀nyí mọ́ra. Ó fún wọn ní ọjọ́ mélòó kan láti ronú, láti pa ohun tí wọ́n kọ rẹ́, láti tún un kọ. Nípa èyí, òun ló ga jù lójú mi, ó sì fi ìjálá sílẹ̀ jìnnà. Oníjàkadì tó ń dẹ́rù ba gbogbo ẹgbẹ́ lè jẹ́ ti ọmọ kan tí kì í lè sọ̀rọ̀ jáde lójú kíláàsì, ohun iyì ńlá sì ni.

Bó ti wá rí yìí, àwọn ẹgbẹ́ tó bá ń kọ ọ́ ní èdè Yorùbá ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Kí wọ́n má fọwọ́ kan òfin òpómúléró wọn. Kí wọ́n fi ìdálẹ́nu kún un. Nígbà tí àkókò bá ti tán, tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wọlé, kí wọ́n fi ọjọ́ kan sílẹ̀ kí àwọn onídàájọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ní ọjọ́ yẹn, oníjà kọ̀ọ̀kan lè dá èkejì lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lórí ohun kan tí kò jóòótọ́ nípa ìlú, ìdílé tàbí ìtàn, kó sì sọ ohun tí òun mọ̀. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́nu á fèsì ní ìlà díẹ̀, á dárúkọ ibi tó ti kọ́ ọ. Àwọn kan á ní ìjà ni èyí máa dá sílẹ̀ láàárín àwọn òǹkọ̀wé. Kò ní rí bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ṣe é bí àwọn oníjàálá ṣe ń ṣe é: ohùn ìjálá náà ni wọ́n fi ń dá ara wọn lẹ́nu, wọn kì í ti inú eré jáde láti tahùn síra wọn. Ẹnu oníjàkadì ni kí ìdálẹ́nu náà ti jáde, kí ó ní adùn, kí ó ní oró, kí àwọn onídàájọ́ sì fún un ní máàkì tirẹ̀.