Iná Tí Ìṣàn Omi Ń Dá Sílẹ̀ Nínú Ilẹ̀ Tí Omi Kò Kún: Ìwúlò Rẹ̀ fún Kànga Ìgandò

1. Ìfáárà
Omi kànga àti omi tí a fi ẹ̀rọ fà láti abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò ní Ìkọ̀tún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgandò. Ní Ìgandò yìí kan náà ni ààtàn ńlá tí a mọ̀ sí Solous wà. Bí òjò bá rọ̀ sórí pàǹtí, omi ẹ̀gbin a máa wọ ilẹ̀ lọ. Kí ó tó dé ibi tí omi kànga wà, yóò la ilẹ̀ amọ̀ àti yanrìn tí omi kò kún kọjá. Omi àti afẹ́fẹ́ ni ó jọ ń gbé inú ihò ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ète iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé bí iná mànàmáná ṣe lè tọ́ka sí ìrìn omi náà láìgbẹ́ ilẹ̀.

2. Orísun iná náà
Ní 1859, Georg Quincke, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ṣàkíyèsí pé bí a bá fi ipá ti omi gba inú ohun tí ó ní ihò wẹ́wẹ́, iná a yọ láàárín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìdí rẹ̀ ni pé iná nẹ́gẹ́tíìfù ni ó sábà máa ń wà lára hóró yanrìn àti amọ̀, tí ó sì ń fa ion pósítíìfù inú omi mọ́ra. Omi tí ń ṣàn a gbé díẹ̀ lára àwọn ion wọ̀nyí lọ. Ibi tí omi ń lọ a di pósítíìfù ju ibi tí ó ti ń bọ̀. Iná yìí kéré: mílífóòtì, ìdá ẹgbẹ̀rún fóòtì kan, ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ìkòkò amọ̀ kékeré méjì tí ó ní bàbà àti omi copper sulphate nínú, pẹ̀lú mítà kan, tó fún iṣẹ́ náà.

3. Ipa afẹ́fẹ́
Bí afẹ́fẹ́ bá wọ ihò ilẹ̀, ìṣàn omi a dínkù. Ṣùgbọ́n omi tí ó kù a lẹ̀ mọ́ ara hóró, níbi tí ion pọ̀ sí, nítorí náà omi díẹ̀ a máa ru ion púpọ̀. Bákan náà, ilẹ̀ tí ó ń gbẹ kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa. Fún ìdí èyí, a kò lè sọ pé bí ilẹ̀ ti ń gbẹ ni iná náà yóò máa kéré sí i. Dandan ni kí a wọn ọ̀rinrin ilẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn.

4. Ìṣòro ti Ìgandò
Iyọ̀ pọ̀ nínú omi ẹ̀gbin. Iyọ̀ sì máa ń pa àmì iná yìí rẹ́. Nítorí náà, iná tí ó kéré kì í ṣe ẹ̀rí pé ilẹ̀ mọ́. Èkejì, pàǹtí tí ń jẹrà àti irin tí ń dípẹtà lè dá iná tiwọn sílẹ̀. Ìyàtọ̀ àkókò ni ó lè ràn wá lọ́wọ́: iná tí ó bá òjò oṣù kẹfà gòkè, tí ó sì rọlẹ̀ nígbà tí òjò dáwọ́ dúró ní oṣù kẹjọ, ó jọ ti ìṣàn omi, èyí tí kò yí padà jọ ti pàǹtí.

5. Ìgúnlẹ̀
Ọ̀nà yìí kò lè rọ́pò àyẹ̀wò omi kànga fúnra rẹ̀. Ohun tí ó lè ṣe ni láti fi hàn kànga wo ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ̀gbin tó dé ibẹ̀.