George Weah: láti orí pápá dé orí àga ààrẹ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Adja-Ouèrè tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́ mọ orúkọ George Weah, ọmọ Làìbéríà tí ìyá àgbà rẹ̀ tọ́ dàgbà ní Monrovia. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Monaco, Paris Saint-Germain àti Milan. Ní 1995 ó gba Ballon d'Or, èyí tí ọmọ Áfíríkà mìíràn kò tíì gbà.

Nígbà tí ó du ipò ààrẹ ní 2005, àwọn alátakò fi àìkàwé rẹ̀ bú u. Ellen Johnson Sirleaf ni ó wọlé. Weah padà sídìí ìwé. Ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún nígbà tí ó gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì Amẹ́ríkà. Lójú èmi olùkọ́, èyí wúwo ju Ballon d'Or lọ.

Ó di ààrẹ ní 2018. Ìṣàkóso rẹ̀ kò tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, kí wọ́n tó kéde èsì ìbò ìkẹyìn, ó ti kí Joseph Boakai tí ó borí rẹ̀ kú oríire.