Ìgbà Wo Lẹ Jẹun Gbẹ̀yìn?

Ká ní obìnrin kan ní Kambolé, ní Togo, jẹ iyán lálẹ́, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí lóru. Agbẹ̀bí rí i pé ọmọ dábùú. Ọkọ̀ gbé e gba Tchamba kọjá, ó di Sokodé, níbi tí ilé ìwòsàn àgbà ẹkùn náà wà. Kí wọ́n tó gbé e dé yàrá iṣẹ́ abẹ, ilẹ̀ ti mọ́. Wọ́n á bi í pé: "Ìyá, ìgbà wo lẹ jẹun gbẹ̀yìn?" Á ní àná ni. Wákàtí 10 ti kọjá. Lójú aago, inú rẹ̀ ti ṣófo.

Àmọ́ àpòlúkù ẹni tó ń rọbí kì í wo aago. Oyún fúnra rẹ̀ kì í sábà dá oúnjẹ dúró. Ìrọbí ló ń dá a dúró, àti oògùn ìrora tó lágbára bíi mọfíìnì. Ohun tí oyún ń ṣe ni pé ó ń dẹ ẹnu ọ̀nà tó sé àpòlúkù lókè, ilé ọmọ tó ti wú sì ń tì í láti ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá wá kun obìnrin náà lóorun pátápátá, iyán àná lè ru sókè, kó gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Ìbẹ̀rù yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1946, Curtis Mendelson, dókítà kan ní New York, tẹ ìwádìí jáde lórí oyún 44,016, láti 1932 sí 1945. Ohun inú àpòlúkù wọ ẹ̀dọ̀fóró obìnrin 66. Méjì kú, oúnjẹ líle ló sì dí wọn léèmí.

Ohun tí aago kò lè sọ, ẹ̀rọ lè fi í hàn. Ẹ̀rọ náà kì í ṣe àjèjì: òun náà ni wọ́n fi ń wo ọmọ, èyí tí àwọn ará Togo ń pè ní échographie. Wọ́n á ní kí obìnrin náà fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dùbúlẹ̀, kí ohun tó wà nínú àpòlúkù lè ṣàn wá sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á wá gbé ojú ẹ̀rọ náà sí abẹ́ egungun àyà gan-an, létí ẹ̀dọ̀. Bí inú bá ṣófo, òbìrí kékeré kan ló máa hàn, ògiri rẹ̀ nípọn. Omi máa ń dúdú, á sì fẹ òbìrí náà. Oúnjẹ líle a máa rí ṣákaṣàka, funfun àti eérú pọ̀ mọ́ra bí èéfín igi tútù. Dókítà Anahi Perlas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto wà lára àwọn tó fi ìlànà sí i: bí omi inú bá ju mìlílítà 1.5 lọ lórí kílò kan, ewu wà. Fún obìnrin oníkílò 60, mìlílítà 90 nìyẹn, kò tó ààbọ̀ ife.

Lóòótọ́, oyún tó ti gbó máa ń mú kó ṣòro láti rí ibẹ̀ dáadáa, ó sì gba kí wọ́n kọ́ ọwọ́ ẹni tó ń yà á. Síbẹ̀, mo gbà pé ó yẹ kí ọwọ́ tó ti wo ọmọ tán gòkè díẹ̀ sí i.

Bí ẹ̀rọ bá fi iyán hàn, tí ọmọ kò sì lè dúró, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n á yàn bí ara ìyá bá gbà á. Bí kò bá gbà á, wọ́n á kùn ún lóorun kíákíá, wọ́n á sì ki ọ̀pá sí ọ̀nà èémí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, ìyá á wà lójúfò. Bí nǹkan bá ru sókè, òun fúnra rẹ̀ á fi ikọ́ lé e padà.