Morphine àti Tramadol: Ohun tí ó Yẹ kí Aláìsàn àti Òṣìṣẹ́ Ìlera Mọ̀

Àwọn kókó pàtàkì
• Morphine àti tramadol jẹ́ oògùn ìrora alágbára tí a kò gbọdọ̀ lò láìsí ìwé àṣẹ dókítà.
• Agbára wọn kò dọ́gba: 10 mg morphine tí a gbé mì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ 100 mg tramadol.
• Àwọn méjèèjì lè di bárakú, wọ́n sì lè dá èémí dúró.

Ìyàtọ̀ wọn
Ní Abidjan, bí i ti ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn kan ń bẹ̀rù morphine bí oògùn ẹni tí ó ń kú lọ, wọ́n sì ń fojú kékeré wo tramadol. Èrò méjèèjì kò tọ̀nà.

Morphine wà nínú àkójọ oògùn kòṣeémáàní ti Àjọ Ìlera Àgbáyé. Tramadol kò sí níbẹ̀. Ìrora líle, irú ti àrùn jẹjẹrẹ, ni a ń lo morphine fún. Dókítà lè máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí ara yóò fi tu aláìsàn. Bí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ó lè pọ̀ jù nínú ara.

Tramadol wà fún ìrora tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lò ju 400 mg lọ lóòjọ́. Kò sì yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12. Ó lè fa gìrì, pàápàá fún ẹni tí ó ní wárápá tàbí tí ó ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn.

Oògùn ojú títì
Ẹni tí ó ra oògùn ní ibi bí ọjà Roxy ní Adjamé kò lè mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Hóró tramadol 225 mg àti 250 mg ti wọ ọjà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ 50 mg sí 100 mg ni dókítà sábà ń kọ lẹ́ẹ̀kan. Hóró 250 mg méjì ti kọjá ìwọ̀n ọjọ́ kan.

Ìmọ̀ràn
• Má ṣe fi ọtí tàbí oògùn oorun pọ̀ mọ́ wọn.
• Má ṣe dá wọn dúró lójijì. Dókítà ni yóò dín wọn kù.
• Àwọn méjèèjì lè fa àìrígbẹ́yà. Béèrè oògùn tí ń mú ìgbẹ́ rọ̀.
• Bí ẹni tí ó lò wọ́n kò bá ṣeé jí, tí èémí rẹ̀ sì ń lọ́ra, fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí o pe SAMU ní 185.
• Òṣìṣẹ́ ìlera: naloxone ń ṣẹ́gun àlòjù morphine, ti tramadol, díẹ̀ ni ó ń ṣẹ́gun, ẹ máa ṣọ́ gìrì.

Aláìsàn tí ìrora rẹ̀ kò rọlẹ̀ kò gbọdọ̀ fi kún oògùn fúnra rẹ̀. Kí ó padà sọ́dọ̀ dókítà.