Bóòtù Ṣáàfù Tí A Kì í Lò Lẹ́ẹ̀mejì

Nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí táyà iwájú, irú bí Volkswagen Golf tàbí Passat, irin gbọọrọ méjì ni ó ń gba agbára láti inú jíà lọ fún táyà ọ̀tún àti ti òsì, àwọn irin wọ̀nyí sì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣáàfù. Orí kọ̀ọ̀kan ṣáàfù ní CV joint, ìyẹn oríkèé irin tí ó ń jẹ́ kí ṣáàfù máa yí láìdáwọ́ dúró bí táyà tilẹ̀ ń gòkè, tí ó ń sọ̀kalẹ̀, tí ó sì ń yà sọ́tùn-ún sósì. Lára ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí, bóòtù mẹ́fà ni ó so orí inú ṣáàfù mọ́ irin roboto tí ó yọ láti ara jíà, bóòtù ńlá kan ṣoṣo sì ni ó fa orí òde wọ inú họ́ọ̀bù, ìyẹn irin tí a ń de táyà mọ́. Ìwé àtúnṣe ọ̀pọ̀ wọn pàṣẹ pé bí a bá ti tú bóòtù wọ̀nyí, kí a kó wọn dànù, kí a sì fi tuntun rọ́pò wọn. Àwọn onímọ́tò kan ń wo àṣẹ yìí bí ọgbọ́n àtitajà, nítorí pé bóòtù tí a tú náà kò jẹyín, kò tẹ̀, kò sì dípẹtà.

Ìdí àṣẹ náà wà nínú iṣẹ́ tí bóòtù ń ṣe gan-an. Kì í ṣe ọrùn bóòtù ni ó ń gba agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí táyà. Ojú irin méjì tí bóòtù fún pọ̀ ni ó ń gbà á, nítorí pé bí wọ́n bá fún dáadáa, wọn kò ní lè yọ̀ lára ara wọn. Bóòtù tí a ń yí máa ń gùn sí i díẹ̀, bí ojú kò tilẹ̀ rí i, akitiyan rẹ̀ láti padà sí bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni ó sì ń fún irin méjèèjì pọ̀. Bí rọ́bà ìdí ṣòkòtò ni ó rí: níwọ̀n ìgbà tí a kò bá fà á kọjá ààlà, yóò máa súnkì padà, ṣùgbọ́n bí a bá fà á kọjá ibẹ̀, yóò dẹ̀ láìjá.

Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sórí bóòtù ń fi ààlà náà hàn. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 10.9, 10 ń sọ pé irin náà lè gba 1,000 newton lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kan kí ó tó já, 9 sì ń sọ pé bí agbára bá ti dé ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá èyí, ìyẹn 900, irin náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ní gígùn tí kò ní bọ̀ sípò mọ́. Àlàfo kékeré yìí ni àwọn ẹnjiníà mọ̀ọ́mọ̀ ń fa irú bóòtù bẹ́ẹ̀ wọ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni ó ti ń fún nǹkan pọ̀ jù lọ. Bóòtù tí ó ti débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti ná lára gígùn tí ó ní, bí a bá sì tún un fà, ó lè dẹ̀ tàbí kí ó já.

Nítorí èyí ni ìwé àtúnṣe fi ń sọ fífún rẹ̀ ní ìpele méjì: a ó kọ́kọ́ fi sípánà tọ́ọ̀kù, tí ó ń wọn agbára ọwọ́ ní newton-mítà, fún un dé iye kan, lẹ́yìn náà ni a ó tún un yí ní 90 tàbí 180 digírì. Nínú agbára tí ọwọ́ fi sí sípánà, nǹkan bí ìdá mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń di ìfúnpọ̀, abẹ́ orí bóòtù àti eyín rẹ̀ tí ń ha ara wọn ni ó ń gba ìyókù, tí òróró díẹ̀ tàbí ìpẹtà sì lè da ìṣirò náà rú. Ìwọ̀n ìyípo kò ṣeé tètè dà rú bẹ́ẹ̀. Bí orí bóòtù họ́ọ̀bù bá ní igun méjìlá, 30 digírì ni ó wà láàárín igun kan àti èkejì, nítorí náà ẹni tí ó bá fi pẹ́ńtì sàmì sí igun kan yóò mọ̀ pé 90 pé nígbà tí àmì náà bá dé ibi tí igun kẹta níwájú rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀.

Ìdí kejì ni gọ́ọ̀mù aláwọ̀ tí ó máa ń wà lára eyín àwọn bóòtù tuntun kan, tí ó ń fọ́ nígbà tí a bá ń yí wọn wọlé, tí ó sì ń gan mọ́ ibẹ̀ kí gbígbọ̀n ọkọ̀ má baà tú wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó ń ṣiṣẹ́, ìdí sì nìyẹn tí ó fi yẹ kí a ha àṣẹ́kù rẹ̀ kúrò nínú ihò kí bóòtù tuntun tó wọ̀ ọ́.

Nígbà iṣẹ́ náà, ihò onígun méjìlá tí ó wà lórí bóòtù mẹ́fà náà ń fẹ́ àmójútó, nítorí pé gíríìsì àti iyẹ̀pẹ̀ máa ń dí i, bí a kò bá sì fọ̀ ọ́ mọ́ kí kọ́kọ́rọ́ tí ó bá a mu wọlé dé ìsàlẹ̀, igun rẹ̀ yóò ṣá. Bí a bá sì ti tú bóòtù họ́ọ̀bù, kò yẹ kí ọkọ̀ fi táyà náà tẹlẹ̀ tàbí kí a tì í kiri, nítorí pé bóòtù yìí ni ó fún bíárìn pọ̀, ìwúwo ọkọ̀ sì lè ba bíárìn náà jẹ́.

Bí bóòtù mẹ́fà náà bá dẹ̀, ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n, yóò sì máa dún kọ̀kọ̀ bí a bá tẹ iná, àwọn tí ó kù yóò sì máa já lẹ́yìn ara wọn títí ṣáàfù yóò fi bọ́. Ọkọ̀ olójíà aládàáṣe tí ṣáàfù rẹ̀ bọ́ kò ní lọ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni P, ìyẹn ipò jíà tí a ń fi ọkọ̀ sí bí a bá páàkì, kò ní lè dá a dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí pé ṣáàfù ni P fi ń di táyà mú.

Kì í ṣe gbogbo bóòtù ọkọ̀ ni òfin yìí kàn, ìwé àtúnṣe ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń sọ èyí tí ó kàn. Ẹni tí ó bá ra ṣáàfù tòkúnbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bóòtù tí ó bá a dé ti ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ mìíràn. Kí ó ra tuntun tí nọ́ńbà orí rẹ̀ àti gígùn rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu, kí ó sì gba àwọn àtijọ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì nígbà tí iṣẹ́ bá parí, nítorí pé èyí tí ó bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè tún wà lára ọkọ̀.